Fádà ní kí n lọ ṣojú ilé-ìwé wa ní àpérò olùkọ́ Kátólíìkì l'Àbújá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí ẹ dá sí i o

Túṣà Kíláàsì Kẹrin
Ọ̀kún o ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì kan ni mo ti ń kọ́ni lápá Ìjùmú níbí, ọdún kẹfà mi rèé. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, lẹ́yìn àsẹ́ńbílì, Fádà ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì, kí n tó dé ibẹ̀ mo ti ń ro gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ láti January, àṣé wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé èmi ni wọ́n yàn láti lọ sí àpérò àwọn olùkọ́ ilé-ìwé Kátólíìkì l'Àbújá ni. Ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ àti ibùsùn wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ ni ilé-ìwé máa gbé kalẹ̀.

Inú mi dùn àmọ́ àyà mi ń já. Mi ò lọ irú ẹ̀ rí. Ibi tó jìn jù tí iṣẹ́ gbé mi dé ni Lọ́kọ́jà, wọ́kṣọ́ọ̀pù ọjọ́ kan, a jẹ ráìsì a sì padà sílé. Àwọn túṣà méjì tí wọ́n ti wà nílé-ìwé yìí kí n tó dé ti ń wò mí bákan, ọ̀kan ò tiẹ̀ dáhùn ìkíni mi dáadáa mọ́. Wọ́n sì ní tí mo bá dé, màá dúró níwájú gbogbo wọn kí n sọ ohun tí mo lọ kọ́. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n gbé dání, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí mi ò fi ní lọ jókòó síbẹ̀ bí ère, ọkọ mi náà sì ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọ̀nà bíi pé èmi ni mo la títì náà.

Ìyá Adé Ìyàrá
Kú oríire o àbúrò mi. Gbọ́ tèmi kó o tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni: súwẹ́tà! Gbọ̀ngán tí wọ́n máa kó yín sí, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kì í ṣe eré, mo lọ lọ́dún kan, aṣọ léèsì alápá kékeré ni mo wọ̀ torí pé mo fẹ́ ṣe fáàrí, kí ó tó di aago mẹ́wàá eyín mi ti ń lu ara wọn, orí ìjókòó mi ni mo wà ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí wọ́n sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá kan láti Idah ló yá mi ní ìborùn. Gbé ìborùn, gbé sálúbàtà tí kò ní ta ọ́ lẹ́sẹ̀, gbé aṣọ ìbora kan torí ibùsùn wọn ò ṣe é fọkàn tán, gbé wáyà tó ní ojú mẹ́ta mẹ́rin torí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lẹ máa bá nínú yàrá, èèyàn mẹ́rin ló máa fẹ́ chaji fóònù. Àti oògùn rẹ tó o bá ń lo oògùn.

Dírẹ́bà Kábà-Lọ́kọ́jà
Túṣà ẹ kú ìmúra. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé dírẹ́bà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má gbéra lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i. Ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì ti wà ní gáréèjì Kábà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí ọkọ̀ kì í tètè kún, ẹ tún máa bá àwọn tírélà símẹ́ǹtì pàdé l'Ọbàjànà, bí ọ̀kan bá fi bẹ́ẹ̀ dábùú ọ̀nà síbẹ̀ ẹ lè rí wákàtí méjì kẹ́ ẹ máa wo ara yín. Ní Lọ́kọ́jà ẹ wọ mọ́tò Àbújá nínú gáréèjì gangan, kì í ṣe èyí tó ń pè yín létí títì tí ẹnì méjì péré jókòó sínú ẹ̀. Koton Karfe, Abaji, Gwagwalada, lẹ́yìn náà Zuba tàbí Jabi, ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ ti máa já yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tó bá jẹ́ oṣù September sí October ni àpérò yẹn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí omi ṣe wà. Ẹ̀yin náà rántí 2012, ẹ rántí 2022, omi Niger àti Benue gba títì lọ́wọ́ wa lápá Koton Karfe, àwọn èèyàn sùn sínú mọ́tò. Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àdúrà ìparí dá yín dúró di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wá máa sáré lálẹ́. Ìlú tílẹ̀ bá ṣú yín sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sùn.

Bọ́sà Mọpà
Èmi tí mò ń ka owó ni kí n sọ ti owó. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó o tó kúrò, èyí tí orúkọ rẹ àti orúkọ ilé-ìwé wà nínú ẹ̀ tó ní sitáǹpù. Ra ìwé kékeré kan, gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, dírẹ́bà kì í fúnni ní risíìtì, nítorí náà kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n rán mi lọ síbi báyìí, mo fi owó ara mi kún un, nígbà tí mo dé wọ́n ní "níbo ni ẹ̀rí wà", owó náà di ohun ìgbàgbé. Láti ìgbà náà ni mo ti di òǹkọ̀wé.

Ọlọ́rọ̀ Gbogbo
Ẹ má bínú o, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àpérò àpérò, kí ló ń mú wá? Báàgì funfun tí wọ́n kọ nǹkan sí, bírò kan, fọ́tò tí gbogbo yín to ara yín bí ìṣáná. Owó oṣù àwọn túṣà mísọ́n ńkọ́? Ilé-ìwé tó jẹ́ pé túṣà ló ń ra ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀, wọ́n wá ń kó owó ọkọ̀ lọ Àbújá.

Bàbá Pírínsípà (Òwé)
Ọlọ́rọ̀ Gbogbo, mi ò ní bá ọ jà, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ òótọ́ ni. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo lọ sí irú àpérò yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ tàbí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, bó o ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni. Mo kó ìwé tó kún àpò bọ̀ wálé, ìyàwó mi fi wọ́n di ẹ̀pà fún àwọn ọmọ. Ìgbà kẹrin ni ojú mi tó là, ohun tó là á ni mo fẹ́ sọ fún Túṣà.

Ọmọ mi, má tíì ronú nípa báàgì. Lọ bá àwọn túṣà méjì tí wọ́n ń wò ọ́ bákan yẹn, lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, má ṣe é ní staff room. Sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin lẹ pẹ́ níbí jù mí lọ, kí ló ń dà yín láàmú ní kíláàsì yín tẹ́ ẹ fẹ́ kí n bá yín béèrè tí mo bá dé ọ̀hún?" Kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ lójú wọn. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ọmọ kíláàsì kejì òun ò lè kàwé, ẹlòmíì lè sọ pé àwọn òbí kì í wá sí ìpàdé. Ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó. Ó máa ṣe nǹkan méjì fún ọ. Ìrìn àjò yẹn á kúrò ní tìrẹ nìkan á di ti gbogbo wọn, ojú tí wọ́n fi ń wò ọ́ á rọ̀. Ìwọ náà ò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó o máa gbọ́ kiri nígbà tó o bá dé ibẹ̀, torí àpérò dà bí ọjà ni, ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ rà, gbogbo nǹkan ló máa fọwọ́ kàn, kò ní rí nǹkan kan gbé délé.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí: Mísà láàárọ̀, lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù kan tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n kan á sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Wọ́n máa dárúkọ Gravissimum Educationis, ìwé tí Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù káàkiri ayé, gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ní October 1965, orúkọ Látìn ni, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Póòpù Leo XIV náà kọ lẹ́tà lórí ẹ̀kọ́ ní October 2025 nígbà tí ìwé yẹn pé ọgọ́ta ọdún, nítorí náà wọ́n lè mẹ́nu kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú nínú ìwé ti 1965 yẹn ni pé òbí ni olùkọ́ ọmọ àkọ́kọ́, olùkọ́ ilé-ìwé ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá bi ọ́ nípa òbí tí kì í wá sí ìpàdé, ibẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n á pín yín sí àwọn ìpàdé kéékèèké. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Èyí tó bá ti jẹ mọ́ kíláàsì rẹ ni kó o wọ̀, má tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ tuntun lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń darí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Jókòó sọ́wọ́ iwájú. Tó bá di àkókò oúnjẹ, má bá ẹni tó o bá wá jókòó. Mo gba ohun tó pọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ ju èyí tí mo gbà nínú gbọ̀ngán lọ, ẹni tó ń kọ́ ọmọ àádọ́ta nínú kíláàsì kan ní Benue mọ ohun tí kò sí nínú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kankan.

Ọlọ́rọ̀ Gbogbo
Bàbá mo gbọ́. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?

Bàbá Pírínsípà (Òwé)
Kó kọ ọ́ mọ́ àwọn ìbéèrè tó máa gbé lọ. Mi ò ṣàwàdà. Irú ibẹ̀ ni àwọn tó ń darí ẹ̀kọ́ ní dáyósíìsì, ìyẹn agbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan, ti máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó wà ní kíláàsì.

Ọmọ Yàgbà
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi ìbéèrè tèmi kún un. Ilé-ìwé Kátólíìkì ni mo ti ń kọ́ni àmọ́ ọmọ ìjọ ECWA ni mí, àwọn èèyàn mi ní Ẹ̀gbẹ̀, ECWA ni gbogbo wa. Wọ́n ní èmi náà lè lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ń ṣe Mísà ńkọ́? Ṣé kí n jókòó síta ni? Mo lọ fún ìsìnkú kan rí, gbogbo èèyàn ń dìde ń jókòó ń kúnlẹ̀, èmi nìkan ni mo dúró gbagidi bí òpó iná.

Kátíkíìsì Bùnú
Ọmọ Yàgbà má jókòó síta o, wọlé. Àwa tá a wà ní ilẹ̀ Okun yìí mọ̀ pé kò sí ilé tí kò ní Kátólíìkì, ECWA, Áńgílíkà àti Mùsùlùmí nínú ẹbí kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Alhaji ni. Jókòó sí àárín tàbí ẹ̀yìn, wo ẹni iwájú rẹ, tí wọ́n bá dìde kó o dìde. Kíkúnlẹ̀ kì í ṣe dandan fún ọ, o lè jókòó jẹ́ẹ́. Orin, àdúrà, ìwé mímọ́ tí wọ́n ń kà, gbogbo ẹ̀ lo lè bá wọn ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí o ò ní bá wọn ṣe ni gbígba Ara Olúwa. Tí wọ́n bá ti ń tò lọ síwájú, dúró sáyè rẹ, fẹsẹ̀ sẹ́yìn kí àwọn tó wà nínú bẹ́ǹṣì yín ráyè kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n kà ọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀, àwọn Kátólíìkì fúnra wọn wà tí wọn kì í lọ nígbà míì. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Mo sọ ọ́ torí mo ti rí túṣà kan tó tẹ̀ lé ìlà lọ torí ojú ń tì í láti dá jókòó, ó dé iwájú Fádà, kò mọ ohun tó yẹ kó sọ, ó ní "ẹ ṣé sà".

Ìyá Adé Ìyàrá
"Ẹ ṣé sà" 😂😂😂 ẹ ti pa mí o

Ọmọ Ògìdì l'Amẹ́ríkà
Ẹ kú iṣẹ́ o ará ilé. Ilé-ìwé párísì ni mo ti ń kọ́ ìṣirò níbí. Èyí tó tóbi jù lọ́dọ̀ wa ni ti NCEA, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Kátólíìkì Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni wọ́n sábà máa ń ṣe é torí ilé-ìwé wà ní hólídéè, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é sì máa ń yí padà. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkìlọ̀ méjì ni tèmi.

Èkíní, gbọ̀ngán àwọn ọlọ́jà. Àwọn tó ń ta ìwé, tó ń ta kọ̀ǹpútà, tó ń ta yunifọ́ọ̀mù, wọ́n á fún ọ ní súìtì, wọ́n á pè ọ́ ní "my sister", kí o tó mọ̀ wọ́n ti gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ. Má fọwọ́ sí nǹkan kan ní orúkọ ilé-ìwé. Gba káàdì wọn, sọ pé ọ̀gá ló máa pè wọ́n. Mo gbọ́ pé ti Àbújá náà ní àwọn tó ń ta ìwé.

Ìkejì, tí ìpàdé kan bá wà lórí ààbò ọmọdé, wọ ibẹ̀ kódà tó bá jẹ́ pé òun nìkan lo máa wọ̀. Níbí, láti 2002 tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti ṣe òfin ààbò ọmọdé lẹ́yìn ohun ìtìjú tó ṣẹlẹ̀ nínú Ìjọ, tí àṣírí tú pé àwọn àlùfáà kan ti bá ọmọdé ṣèṣekúṣe, kò sí túṣà tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá tó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ láìgba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ bíi kí túṣà má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn tì, ta ni ọmọ máa lọ bá tí àgbà kan bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Nílé, a máa ń sọ pé "àwa ò ní irú ẹ̀ níbí". A ní i, a kì í sọ ọ́ ni.

Bọ́sà Mọpà
Mo gbàgbé: sátífíkéètì. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ẹ̀ bóyá TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, mọ̀ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, torí tó bá wà lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, ó máa ka sí ti MCPD rẹ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ dandan fún olùkọ́ láti máa gbà, nígbà tó o bá fẹ́ tún láísẹ́ǹsì ṣe. Rí i pé wọ́n kọ orúkọ rẹ bó ṣe wà lórí ìwé TRCN gẹ́lẹ́, kì í ṣe orúkọ ọkọ níbí, orúkọ bàbá lọ́hùn-ún.

Túṣà Ìjọba Ìsánlú
Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí ilé-ìwé wa ń jẹ́ orúkọ Sẹ́ńtì àmọ́ tó jẹ́ ti ìjọba ńkọ́, ṣé àwa náà lè lọ?

Bàbá Pírínsípà (Òwé)
Àwọn tí ìjọba gbà lọ́wọ́ mísọ́n láwọn ọdún 1970, nígbà tá a ṣì wà ní Kwara kí Kogi tó dé ní 1991, ti ìjọba ni wọ́n, dáyósíìsì kọ́ ló ń rán wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá jẹ́ Kátólíìkì, lọ bá Fádà párísì rẹ, wọ́n lè rí ọ̀nà fún ọ. Owó ara rẹ ni o máa ná o.

Túṣà Kíláàsì Kẹrin
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti lọ bá àwọn méjèèjì. Èyí tí kì í dáhùn mi yẹn wò mí títí, ó wá ní kí n béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní àti kejì pọ̀ nínú yàrá kan, torí ohun tí òun ń ṣe láti ọdún méjì nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ra súwẹ́tà.

Ìyá Adé Ìyàrá
Àti ìborùn!

Túṣà Kíláàsì Kẹrin
(Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà) Mo ti dé o, mo dé láyọ̀. Dírẹ́bà, ẹ kú ọgbọ́n, tírélà kan dábùú l'Ọbàjànà lóòótọ́, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kúrò nílé láàárọ̀ kùtù. Otútù ibẹ̀ burú ju bí Ìyá Adé ṣe sọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ gígùn àkọ́kọ́ yẹn, kí n má purọ́, mo sùn díẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì mo bi ìbéèrè kíláàsì kìíní àti kejì nínú ìpàdé kékeré, yàrá pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àṣé ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é. Sístà kan tí irun orí ẹ̀ ti funfun ló wá jókòó tì mí nígbà oúnjẹ. Ó ní kí n pín wọn sí ọ̀nà méjì, kì í ṣe ní kíláàsì bí kò ṣe ní ohun tí wọ́n lè ṣe, kí díẹ̀ lára àwọn tó ti lè kàwé máa fi ìdérí ìgò tá a kọ lẹ́tà sí to ọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò tíì lè kà, nígbà tí túṣà bá ń kọ́ àwọn tó kù ní ìṣirò. Ó fa ìwé mi gbà, ó ya bí tábìlì ṣe máa wà sínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì náà mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹnì kan ní iwájú kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tó kọ, èmi ò rí i.

Nígbà tí mo fẹ́ jíṣẹ́ fún staff, mi ò ka ìwé kankan. Mo kó ìdérí ìgò wá, mo ní kí àwọn túṣà fúnra wọn to orúkọ wọn. Èyí tó ń bá mi bínú yẹn ló kọ́kọ́ tò tán.

Ọlọ́rọ̀ Gbogbo
Túṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya àwòrán tábìlì yẹn síbí, àbúrò mi ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀ ní Bùnú.

Túṣà Kíláàsì Kẹrin
Ó di Saturday, tí iná bá wà. Ẹ sọ fún un kó ti máa kó ìdérí ìgò jọ, tó ọgọ́rùn-ún méjì, kó sì fọ̀ ọ́ dáadáa torí èèrà.